Aṣòfin mẹ́sàn-án péré ló bá a lọ

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2015, ọkùnrin kan tó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Congress ní Íńdíà wọ ilé Amit Shah, ààrẹ ẹgbẹ́ BJP nígbà náà, ní Delhi, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ BJP. Nílé, ní Guwahati ní ìpínlẹ̀ Assam, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: mélòó ló máa tẹ̀ lé e? Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, ìdáhùn ti dé. Aṣòfin mẹ́sàn-án ni. Ìjókòó 126 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Assam, 78 ni Congress sì gbà nínú rẹ̀ ní ìdìbò 2011. Ẹ yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú 78, ìjọba kò wó. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń sọ ọ́ ní gbangba pé ìlọ rẹ̀ kò dí àwọn lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Congress ku 26.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin yìí. Agbẹjọ́rò ni mo máa pè é, torí iṣẹ́ òfin ló kọ́, ó sì ṣe é nílé ẹjọ́ gíga Gauhati. Kì í ṣe àṣírí o. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn Íńdíà á ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbàrà tí a bá ti dárúkọ, ìjà pé èèyàn dáadáa ni àbí èèyàn burúkú á gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn ni mo fẹ́ kí á wò, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, àti ibi tí àwọn tó kàwé òṣèlú gan-an ti ṣi ọ̀rọ̀ náà rò.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀

Assam wà ní ìkángun ìlà-oòrùn àríwá Íńdíà, lẹ́bàá odò Brahmaputra. Tíì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Ilẹ̀ tóóró kan báyìí ló so òun àti àwọn ìpínlẹ̀ olókè tó yí i ká mọ́ Íńdíà yòókù. Òṣèlú ibẹ̀ ní ìbéèrè kan tí kì í tán: ta ni onílẹ̀, ta sì ni àlejò tó ti òdìkejì ààlà, láti Bangladesh, wọlé wá? Ìbéèrè yẹn ló gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ AASU dìde ní 1979, wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi fọwọ́ sí Àdéhùn Assam ní oṣù kẹjọ 1985. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dá ẹgbẹ́ òṣèlú AGP sílẹ̀ lọ́dún náà, kí ọdún sì tó parí, àwọn ni wọ́n ń ṣe ìjọba. Ọmọ iléèwé ni wọ́n lánàá, mínísítà ni wọ́n lónìí.

Abẹ́ AASU ni Agbẹjọ́rò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀, nígbà tó ṣì kéré. Ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cotton College ní Guwahati. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Hiteswar Saikia, tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà lábẹ́ Congress, fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Congress ni AASU bá jà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọ AASU tó wá wọ Congress ti sọdá nìyẹn, àwọn èèyàn kì í kàn kà á mọ́ ọn lọ́rùn ni. Ti 2015 nìkan ni wọ́n máa ń sọ.

Ní 1996, Congress fà á kalẹ̀ ní ẹ̀kùn Jalukbari, ní Guwahati. Bhrigu Phukan ló dojú kọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjà akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ sí, ẹni tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba AGP. Ó fìdí rẹmi. Oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni Saikia kú, ọ̀gá tó mú un wọlé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí fún níbẹ̀. Ó dúró fún ọdún márùn-ún, ó padà sí Jalukbari ní 2001, ó sì na Phukan kan náà. Látìgbà náà, títí di ìdìbò 2021, kò tíì pàdánù Jalukbari rí.

2001 yẹn náà ni Tarun Gogoi di olórí ìjọba Assam lábẹ́ Congress. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò lórí àga. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Agbẹjọ́rò wọ ìgbìmọ̀ ìjọba, ní ipò mínísítà kékeré. Ní 2006, wọ́n fún un ní ètò ìlera. Ní 2011, wọ́n fi ètò ẹ̀kọ́ kún un. Àsìkò tirẹ̀ ni ọkọ̀ aláìsàn 108 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn) bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìdánwò TET gba olùkọ́.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣe ètò ẹgbẹ́ tẹjú mọ́. Mínísítà ọ̀nà lè kọ́ afárá mẹ́ta, kí ó sì mọ kọngilá mẹ́ta. Kò sí abúlé tí kò ní iléèwé, kò sí àgbègbè tí kò ní ilé ìwòsàn. Olùkọ́ tó gba iṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun sún mọ́ ọkọ òun, baálé tó ń wá dókítà fún ìlú rẹ̀: gbogbo wọn ló ń gba iwájú ìlẹ̀kùn kan náà kọjá. Ọdún mẹ́wàá irú ìyẹn, èèyàn á mọ ẹni tó lẹ́nu ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, á mọ ẹni tó ń bá ta jà, á mọ ohun tí oníkálukú ń wá. Gogoi ni ojú ìjọba. Agbẹjọ́rò ni ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí Congress gba 78 ní 2011, tí Gogoi wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó mọ òṣèlú Assam tí kò mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Àga kan, èèyàn méjì

Ẹ̀yìn 2011 ni gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to bẹ̀rẹ̀. Gogoi ti lé ní 75 ọdún. Agbẹjọ́rò gbà pé òun ló kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá ti wà nílé: Gaurav Gogoi. Ní 2014, ẹgbẹ́ fà á kalẹ̀ fún ilé aṣòfin àpapọ̀ láti ẹ̀kùn Kaliabor, ó sì wọlé. Kaliabor ọ̀hún, bàbá ti ṣojú rẹ̀ rí. Àbúrò bàbá, Dip Gogoi, ló ṣojú rẹ̀ títí di ọdún yẹn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì nínú ẹgbẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún là á yé e.

Mi ò sọ pé bàbá jẹ̀bi torí ó fi ọmọ rẹ̀ síwájú. Ta ni kì í fi ọmọ tirẹ̀ síwájú? Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkùnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá pẹ̀lú ìrètí pé ìlẹ̀kùn kan máa ṣí, ó sì wá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ níhà kejì.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé kì í ṣe láti lọ. Inú ilé ló ti kọ́kọ́ jà. Ìdìbò àpapọ̀ 2014 fún un láyè, torí nínú ìjókòó 14 tí Assam ní, mẹ́ta péré ni Congress mú, BJP mú méje. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ olórí. Àwọn olórí ẹgbẹ́ ní Delhi rán Mallikarjun Kharge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Congress, wá gbọ́ ohùn àwọn aṣòfin. Agbẹjọ́rò sọ pé àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn wà lẹ́yìn òun; ẹgbẹ́ Gogoi ní irọ́ ni. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, Delhi kò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje 2014, ó kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró nínú ẹgbẹ́.

Oṣù mẹ́tàlá ló wà láàárín lẹ́tà yẹn àti ilé Amit Shah. Oṣù mẹ́tàlá! Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo gbà pé Congress ti pàdánù Assam. Ẹni tó bá fipò sílẹ̀ tí kò sì kúrò nílé ń sọ fún ọ pé òun ṣì ń retí kí o wá kan ilẹ̀kùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà ní Delhi, ọ̀nà púpọ̀ ló sì ṣí sílẹ̀ fún wọn: kí wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n gbé e wá sí Delhi, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un, ó kéré tán kí wọ́n bá a jẹun. Wọ́n jẹ́ kó jókòó.

Ìtàn ajá bọ́ sí àárín yìí. Agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó ní òun lọ sílé Rahul Gandhi, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Congress nígbà náà, láti lọ ro ẹjọ́ Assam, àmọ́ ajá ni Rahul gbájú mọ́, tó ń fún un ní bisikíìtì. Nígbà tí Rahul fi fídíò ajá rẹ̀, Pidi, sórí Twitter ní oṣù kẹwàá 2017, Agbẹjọ́rò fèsì lójú ẹsẹ̀ pé ta ló mọ ajá náà ju òun lọ. Gbogbo Íńdíà rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹnì kan la ti gbọ́ ọ, kí á má gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ìtàn náà ṣe fún un. Ẹni tó yí ẹgbẹ́ padà máa ń ní gbèsè àlàyé lọ́rùn títí ayé, pé kí ló dé tí o fi lọ? Bó bá ní ipò ni òun ń wá, wọ́n á pè é ní olójúkòkòrò. Bó bá ní ìlànà ẹgbẹ́ ni òun kò fẹ́ mọ́, wọ́n á bi í pé ogún ọdún ńkọ́. Ìtàn ajá fi ìbéèrè náà sí ọrùn ẹlòmíràn. Ẹ̀gàn ni ó sọ pé òun sá fún, kò sì sí ará Assam, níbi tí wọ́n ti ń ráhùn tipẹ́ pé Delhi kò ka àwọn sí, tí kò mọ adùn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alátakò ní àlàyé tiwọn. Ní 2014, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ CBI fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ Saradha, ilé-iṣẹ́ tí owó àwọn èèyàn ṣòfò sí lọ́wọ́. Wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, òun náà sì ní ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí ni Congress máa ń gbé jáde nígbà tí wọ́n bá ń pe BJP ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, pé ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀, ìdọ̀tí ara rẹ̀ á ṣí. Ẹni tó bá ń kọ irú àkọsílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ gbé ìtàn méjèèjì sílẹ̀. Mi ò rò pé a nílò ẹ̀rọ ìfọṣọ kí á tó lóye ẹ̀. Àga nìkan ti tó.

Òfin àti kàlẹ́ńdà

Àwọn ará Íńdíà ní orúkọ fún afò-látẹgbẹ́-sẹ́gbẹ́. Ní 1967, ní ìpínlẹ̀ Haryana tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Gaya Lal yí ẹgbẹ́ padà nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ibẹ̀ ni "Aaya Ram, Gaya Ram" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu: Ram dé, Ram lọ. Ó gbà wọ́n títí di 1985 kí wọ́n tó fi Àfikún Kẹwàá kún ìwé òfin orílẹ̀-èdè, pé aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ á fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ya kúrò, òfin kò mú wọn. Ní 2003 wọ́n pa ihò yẹn dé. Ó di dandan kí ìdá méjì nínú mẹ́ta jọ lọ, kí ó sì jẹ́ pé wọ́n da ara wọn pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. (Àwa ní Nàìjíríà ṣì ní tiwa lójú sílẹ̀: ìwé òfin 1999 ní kí aṣòfin tó bá yí ẹgbẹ́ padà fi ìjókòó sílẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pín. Ta ló ń sọ pé ẹgbẹ́ ti pín? Ẹni tó fẹ́ lọ ni.)

Ẹ fi òfin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 78 jẹ́ 52. Bí Agbẹjọ́rò bá lọ ní 2014, ó nílò 52, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tó bá a lọ á pàdánù ìjókòó pẹ̀lú ọdún méjì lọ́wọ́. Nígbà tó fi lọ ní oṣù kẹjọ 2015, ìdìbò ti ku oṣù díẹ̀. Ìjókòó tí èèyàn máa fi sílẹ̀ lónìí, oṣù kẹrin ló máa padà lọ dupò rẹ̀. Owó ìyà ti dín kù. Mẹ́sàn-án náà tó láti fi hàn pé kò dá lọ, wọn kò sì pọ̀ tó láti di ẹrù fún BJP, tó gbọ́dọ̀ wá ẹ̀kùn fún olúkúlùkù wọn láti inú ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ ń retí. Ẹni tó bá ka orí lásán á sọ pé kò rí èèyàn kó lọ. Mo rò pé ó kó iye tó wúlò.

Ẹni kejì

Ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ yìí wà fún mi. BJP nílò rẹ̀; aṣòfin márùn-ún péré ni wọ́n ní nínú 126 lẹ́yìn 2011. Wọ́n sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Bihar ní oṣù kọkànlá 2015, níbi tí wọ́n ti gbé ojú Narendra Modi, olórí ìjọba àpapọ̀, nìkan síwájú láìsí ọmọ ìlú tí wọ́n máa fi ṣe olórí, tí wọ́n sì fìdí janlẹ̀. Ní Assam wọ́n pinnu láti dárúkọ ẹnì kan. Ní oṣù kìíní 2016, wọ́n dárúkọ rẹ̀: Sarbananda Sonowal. Òun náà ti jẹ́ ààrẹ AASU rí, òun náà ti inú AGP wá sí BJP ní 2011. Ayípadà-ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Sonowal ti fi ọdún mẹ́rin ṣáájú wọlé.

Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ torí wọ́n kọ̀ láti fún un lágà tún wá dé ilé tuntun, wọ́n gbé àga fún ẹlòmíràn. Kí ni ọ̀pọ̀ á ṣe? Ìbínú á gbé wọn padà, tàbí wọ́n á jókòó sílé kí iṣẹ́ bàjẹ́. Agbẹjọ́rò gbé àpò ìpolongo. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi jẹ́ ẹni kejì lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé onísùúrù ni. Ó lè jẹ́. Ìṣirò ni mo rí níbẹ̀: lọ́dọ̀ Gogoi, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ní ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Sonowal kò ní. Ẹni kejì lẹ́yìn ẹni tí kò ní àrólé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni kejì lẹ́yìn bàbá ọlọ́mọ.

Ohun tó kó wá kò sí lára àwọn mẹ́sàn-án. Orí rẹ̀ ló wà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. BPF, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà Bodo tí Hagrama Mohilary ń darí, ti wà nínú ìjọba Gogoi rí, Agbẹjọ́rò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wá sọ́dọ̀ BJP ní oṣù kìíní 2016. AGP, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta. BJP fi ẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì dípò kí ó dù gbogbo rẹ̀. Congress fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan lọ.

Èsì ìdìbò náà yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Congress gba ìbò bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, BJP gba bí i 29.5. Congress ló ní ìbò jù! Ṣùgbọ́n BJP mú ìjókòó 60, AGP mú 14, BPF mú 12, 86 lápapọ̀. Congress mú 26. Ìbò Congress fọ́n ká gbogbo ìpínlẹ̀ bí iyanrìn. Ìbò àwọn yẹn dúró ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Ẹni tó mọ ẹ̀kùn sí ẹ̀kùn ló lè pín in bẹ́ẹ̀.

Kí n má purọ́, ẹnì kan kì í dá ìdìbò wọlé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti sú àwọn èèyàn. Ìgbì Modi ṣì ń fẹ́. Ẹgbẹ́ AIUDF, tí àwọn Mùsùlùmí onígbèéríko pọ̀ nínú rẹ̀, mú ìjókòó 13, ó sì jẹ nínú ìbò tí Congress ìbá rí. Bí Agbẹjọ́rò bá dúró sí Congress, ó ṣeé ṣe kí Gogoi ṣì wó. Wíwó tó já sí 26 ni mo fi lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn odò

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2016, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Sonowal gan-an, BJP dá àjọ NEDA sílẹ̀ láti kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ìlà-oòrùn àríwá pọ̀, wọ́n sì fi Agbẹjọ́rò ṣe olùdarí rẹ̀. Bí ó ṣe wá tóbi ju ẹni kejì lọ nìyẹn láìfọwọ́ kan àga ẹnikẹ́ni. Ní ìpínlẹ̀ Arunachal Pradesh, Pema Khandu, olórí ìjọba ibẹ̀, kó àwọn aṣòfin Congress 43 jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹsàn-án 2016 (ẹ rántí ìdá méjì nínú mẹ́ta), nígbà tí ọdún sì ń parí ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ BJP. Ní Manipur ní 2017, Congress mú 28 nínú 60, BJP mú 21. BJP ló ṣe ìjọba. N. Biren Singh tí wọ́n fi ṣe olórí ti kúrò ní Congress kò tíì pé ọdún kan. Ní Meghalaya ní 2018, Congress tún ṣe ipò kìíní pẹ̀lú 21, BJP mú méjì péré, méjì! Síbẹ̀ inú ìjọba Conrad Sangma ni BJP sùn. Ìdí tí Congress fi ń gba ipò kìíní tí wọn kì í sì í rí ìjọba ṣe ni pé àwọn olórí wọn ṣì ń dúró de ìpè láti Delhi nígbà tí Agbẹjọ́rò ti wà nínú ilé àwọn aṣòfin adádúró. Wọ́n ti bá a ṣe ẹgbẹ́ kan náà rí. Ó mọ iye tí ìbínú olúkúlùkù wọn jẹ́.

Apá kan tún wà tí mi ò gbádùn láti kọ. Ẹni tó bá wọlé láti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbàgbọ́ ju àwọn onílé lọ. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ fún Congress, ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ nílé kéwú tó wà lábẹ́ ìjọba. Ní oṣù kejìlá 2020, mínísítà ẹ̀kọ́ kan náà, lábẹ́ BJP, ló gbé òfin wá láti sọ àwọn ilé kéwú ọ̀hún di iléèwé lásán. Ọwọ́ kan náà, gègé kan náà. Àwọn Mùsùlùmí Assam tó ti dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún rí i bẹ́ẹ̀.

Oṣù kan ṣáájú òfin yẹn, Tarun Gogoi kú. Àìsàn tó tẹ̀ lé kòrónà ló mú un wọ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Gauhati. Ta ni mínísítà ìlera? Agbẹjọ́rò. Òun ló ń jáde síwájú àwọn oníròyìn lójoojúmọ́ láti sọ bí ara àgbàlagbà náà ṣe ń ṣe, òun náà ló kéde ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 2020 pé ó ti jáde láyé. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àròkọ nípa àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó àwòrán yẹn.

Ìdìbò 2021 dé. Lọ́tẹ̀ yìí BJP kò dárúkọ ẹni tó máa ṣe olórí. Ẹni tó bá mọ àmì kíkà tún ti mọ̀. Wọ́n tún mú 60. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pe Sonowal àti Agbẹjọ́rò sí Delhi. Nígbà tí ìpàdé àwọn aṣòfin jókòó, Sonowal fúnra rẹ̀ ló dárúkọ Agbẹjọ́rò. Wọ́n búra fún un ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, Sonowal sì di mínísítà àpapọ̀ ní oṣù keje. Ẹ fi èyí wé 2014. Ẹjọ́ kan náà ni, ẹni méjì, àga kan. Ilé kejì wá ibi tí ẹni tó dìde máa jókòó sí kí ó tó dìde.

Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí

Ẹni tó bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, nígbà tí alágbára kan bá ń bínú, kí ó má ka aṣòfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó ka àwọn alága wọ́ọ̀dù tó ń pe fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó pe ti olórí. Kí ó tún bi ara rẹ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré wo ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣọ̀rẹ́. Congress kò kọ BPF sínú ìwé kankan. Orí ẹnì kan ni wọ́n fi pamọ́ sí, orí náà sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Delhi.

Ẹgbẹ́ tó ń gba àlejò náà ní ìṣòro tirẹ̀, kò sì tètè jáde. Pijush Hazarika àti Jayanta Malla Baruah, méjì nínú àwọn mẹ́sàn-án, ti di mínísítà. Rajen Gohain, tó fi ìgbà mẹ́rin ṣojú Nagaon fún BJP nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò tíì jẹ́ nǹkan kan ní Assam, kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2025. Ó ní wọ́n ti pa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tì. Ẹni tó ronú pé ẹkún àwọn onílé kì í ní èrè, kí ó padà lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2011 àti 2014.

Ní 2024, wọ́n ti tún ààlà àwọn ẹ̀kùn ìdìbò Assam yà, Kaliabor sì ti parẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀. Gaurav Gogoi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Jorhat. Agbẹjọ́rò lọ polongo níbẹ̀ tọkàntọkàn. Ìlú tí wọ́n bí i sí ni. Ìbò tó lé ní 144,000 ni Gaurav fi ju ẹni tí BJP fà kalẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, Congress fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ní Assam. Lára àwọn tó yẹ kí ó máa bá a ṣe ètò ẹ̀kùn sí ẹ̀kùn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ti wà ní òdìkejì láti 2015.